Ilé Ẹlẹ́nu-Ọ̀nà Kan

Olè tó ń búra pé òun ò jalè, mo ti rí wọn rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà Sivas yìí. Wọ́n á fi ìyá búra, wọ́n á fi irùngbọ̀n bàbá búra, wọ́n á tún sunkún lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jalè, tó wá fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣe é, Bàbá Nasuh adènà nìkan ni mo rí, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n tún rí òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lára mi. Mo ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ báyìí, òun náà ni mò ń rò.

Devlet ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mò ń ṣe búrẹ́dì fún ilé-èrò, Bedir àbúrò mi ló sì kọ́ ilé náà. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, kí ẹlẹ́nu má baà wí pé mo fi pamọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀ rekete, "iṣẹ́ ọwọ́ Bedir", lábẹ́ orúkọ Hátùn, obìnrin ọlọ́lá tó fi owó rẹ̀ kọ́ ilé náà fún èrò nítorí Ọlọ́run. Ìgbà tí ìyàwó Bedir kú ni mo kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa se oúnjẹ fún un, torí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, òkúta ni yóò máa jẹ.

Àṣà kan wà níbí láàárọ̀. Kí ìlẹ̀kùn tó ṣí, Bàbá Nasuh á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ níbàdí, á gbóhùn sókè: "Ẹ̀yin èrò, ẹ̀mí yín ńkọ́? Ẹran yín ńkọ́? Ẹrù yín ńkọ́?" Gbogbo wọn, ará Tabriz, ará Halebu, Àmẹ́níà, Tọ́ọ̀kì, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó pé! Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹni tó kọ́lé yìí!" Ìgbà yẹn ló tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ti dáhùn, tó jáde, tó wá rántí lójú ọ̀nà pé òun ò rí nǹkan kan mọ́, ẹjọ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń fi ìdáhùn yẹn ṣeré. Àwọn mìíràn á ka eyín ràkúnmí wọn kí wọ́n tó lanu.

Ní òwúrọ̀ Àtàláátà kan, nígbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo orí òkè Erciyes, Bàbá Nasuh béèrè, wọ́n sì dáhùn. Ohùn kan ló yàtọ̀.

"Tèmi ò pé o! Ẹ ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn yẹn!"

Àlàájì Mukbil ni, oníṣòwò aṣọ ṣẹ́dà láti Halebu, ọkùnrin tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó ní òun gbé ìdì ṣẹ́dà méjì sórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ràkúnmí ń sùn, òun sì sùn tì wọ́n. Ó ní nígbà tí òun jí, àpò koríko ni òun gbá mọ́ra.

Wọ́n wá a. Ẹ ò rí wíwá. Wọ́n tú gbogbo iyàrá tó yí àgbàlá ká, wọ́n da àpò ọkà sílẹ̀, wọ́n fi igi ro ìgbẹ́ ràkúnmí, wọ́n sọ ọmọkùnrin kan sínú kànga tòun ti okùn. Ẹnìkan tiẹ̀ ti ọwọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ bọ inú ìkòkò ìyẹ̀fun mi.

Mo ní, "Wo inú ààrò náà, bóyá mo ti yan ṣẹ́dà náà fún yín."

Wọ́n wò ó lóòótọ́, àwọn òpè. Kò sí ṣẹ́dà níbì kankan.

Ni gbogbo ojú bá yí sí Bàbá Nasuh. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi nígbà náà, torí èmi náà wò ó. Ilé yẹn kò ní fèrèsé kan tó kọjú síta. Ihò ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè ògiri, ológbò tó bá sanra díẹ̀ ò lè gba ibẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn tó màlúù tó dùbúlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwọn olówó máa fi ibi mìíràn sílẹ̀ wá sùn lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ọkùnrin kan ṣoṣo. Ohun tó bá sọnù nínú ilé, tí kò sì sí nínú ilé mọ́, ẹnu ọ̀nà ló gbà jáde. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mukbil fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá àgbà, ta lẹ ṣílẹ̀kùn fún?"

"Mi ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ sùn?"

"Èwo ni ṣé mo sùn? Ṣé àwọn tiyín kì í sùn ní Halebu ni? Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìhà mi."

"Á jẹ́ pé ìhà yín ló jẹ́ iṣẹ́ náà fún olè."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mukbil rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ wú, ó tún fi kún un: "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa. Ara ilé ló ṣí ilé."

Bedir wà níbẹ̀. Ó ti wà nínú àgbàlá láti ìdájí, ó ń tún ojú omi ṣe. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sọ̀rọ̀. Bàbá Nasuh kò bímọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, Bedir ló mú bí ọmọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkúta àkọ́kọ́ kalẹ̀ ni bàbá náà ti wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ igi àti òòlù. Nígbà òtútù òun ló máa ń se wàrà gbígbóná fún Bedir, á fi agídí gbé e lé e lọ́wọ́: "Mu ún, ìwọ olórí òkúta yìí." Bí ẹnikẹ́ni bá fi Bàbá Nasuh ṣe yẹ̀yẹ́, Bedir máa ń fò mọ́ ọn bí ajá ni. Ní ọjọ́ yẹn, ó kàn ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́, ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Seydi, alábòójútó ilé-èrò, bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò níbàdí bàbá náà lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n tì í mọ́ iyàrá kékeré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tú àwọn èrò sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n Mukbil ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ títí alùkálì yóò fi ti Kayseri dé ní Jímọ́ọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún adènà tó bá ṣílẹ̀kùn fún olè lóru. Wọ́n á fi dúdú ìdí ìkòkò kun ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó kọjú sí ìrù, wọ́n á fà á yí ọjà Kayseri ká. Lẹ́yìn náà, kò sí ilé-èrò kan láti Sivas dé Konya tí yóò gbà á sílé. Arúgbó, pẹ̀lú òtútù tó ń bọ̀ yìí. Ikú ni, wọn ò kàn pè é lórúkọ ni.

Mo se ọbẹ̀ tárhánà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo bu u fún Bedir. Ó wò ó títí awọ fi bò ó lójú.

"Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn."

"O ò tíì tọ́ ọ wò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Mo rò pé ìbànújẹ́ nítorí Bàbá Nasuh ni. Àṣé ìbànújẹ́ lásán kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, tí mo kó eérú ààrò lọ dà sẹ́yìn ilé-èrò, ibẹ̀ ni mo ti bá a. Ó dúró ti ògiri ẹ̀yìn, ní ọ̀gangan ibi tí ibùjẹ ràkúnmí wà nínú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ òkúta.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan kẹ̀? O dì mọ́ ògiri bí ọmọ tó ń wá ọmú, o ní kò sí nǹkan."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà méjì ló ní."

"Kí ló ní ẹnu ọ̀nà méjì?"

"Ilé yìí." Ó rọra fi ọwọ́ lu òkúta tó wà níwájú rẹ̀. "Èkejì rèé."

Mo kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti yí. Mo wá wo ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ pupa díẹ̀ ti dà sílẹ̀ lábẹ́ ògiri, erùpẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ lágbègbè ibẹ̀. Òkúta kan nísàlẹ̀ ní àmì irin létí, àmì tuntun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ fún ògiri. "Ẹ rántí ìgbà tí àwọn agbẹ́kùúta ń fín ìràwọ̀ sára ẹnu ọ̀nà iwájú? Wọ́n to àkàbà síbẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé ẹrù gba abẹ́ àwọn kọjá. Ibo ni kí n wá gbé òkúta gbà wọlé? Mo fi àyè sílẹ̀ níbí. Ràkúnmí ń gbé òkúta gba ibẹ̀. Gbogbo mọlémọlé ló ń ṣe é, bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á dí i."

"O sì dí i. Ojú mi ló ṣe."

"Ojú rẹ̀ ni mo dí. Òtútù ti dé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹfun tí a fi ń mọ òkúta kì í dì nínú òtútù, ńṣe ló máa ń fọ́ bí iyọ̀. Ìránṣẹ́ sì ti dé pé Hátùn ń bọ̀ wá ṣílé. Mo to òkúta sí ìta, mo to òkúta sí inú, mo da erùpẹ̀ gbígbẹ sí àárín. Mo ní bí yìnyín bá ti yọ́, màá tú u, màá ṣe é bó ṣe yẹ."

"Yìnyín mélòó ló ti yọ́ láti ìgbà náà, Bedir?"

Ó ń fi èékánná ha òkúta.

"Mo ní mélòó?"

"Hátùn wá," ló sọ. "Ó fi aṣọ ọlá bò mí léjìká níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní ilé ẹlẹ́nu-ọ̀nà kan, odi ni, ó ní ẹrù ọmọ òrukàn gan-an á sùn nínú rẹ̀ láìfòyà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró kí n lọ tú ògiri náà?"

Ó ní ẹni tó jí ṣẹ́dà náà á jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lébìrà tó bá òun da erùpẹ̀ sí i nígbà náà. Ẹni náà tẹ̀lé ràkúnmí ẹlòmíràn wọlé, ó yọ òkúta lẹ́yìn ibùjẹ, ó ti aṣọ sí ẹnìkejì rẹ̀ níta, ó dá òkúta padà. Láàárọ̀ ó bá àwọn tó kù dáhùn pé ó pé. Wọ́n tú u sílẹ̀ pẹ̀lú wọn, kò sí nǹkan lára rẹ̀, ó sì lọ wẹ́rẹ́.

Inú bí mi. Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi débi pé mo da eérú náà lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "O jókòó tí wọ́n ń fi arúgbó ṣe ẹlẹ́yà lójú rẹ! Ẹni tó ń se wàrà fún ọ! Dìde kí o lọ sọ fún Seydi báyìí báyìí."

"Màá lọ."

"Ó dáa, máa lọ."

Kò lọ. Ó ní, "Wọ́n á gé orúkọ mi kúrò lára òkúta. Wọ́n á ní afárá tí mo kọ́ sórí odò ńkọ́, mọ́sálásí tí mo kọ́ ní Bünyan ńkọ́, kí ló wà nínú àwọn ògiri yẹn? Ta ló tún máa pè mí síṣẹ́? Ẹ̀yin náà, ta ló máa gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Bedir?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo lè parọ́ fún un yín níbí, mo lè ní mo fà á létí lọ sọ́dọ̀ Seydi. Mi ò fà á. Mo ronú ààrò mi, pé torí Bedir ni wọ́n ṣe yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Mo ronú àwọn obìnrin abúlé tí ojú wọn ti wà lára ààrò náà. Mo bá ara mi tí mo ń sọ pé, "Jẹ́ ká wò ó di Jímọ́ọ̀ ná. Bóyá wọ́n á mú olè náà lójú ọ̀nà." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kọ́. Ó wojú mi bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ nínú iná, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ojú tì mí fún un, ojú tì mí fún ara mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ mo ń gbá eérú náà jọ.

Èmi ni wọ́n ní kó máa gbé oúnjẹ fún Bàbá Nasuh. Iyàrá yẹn kò gbòòrò, bí ó bá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ìlẹ̀kùn. Mo bá a tó jókòó sórí ẹní, ó gbọ́kàn kúrò lára gbogbo nǹkan, ó ń wo òrùlé rọ́bọ́tọ́ tó wà lókè orí rẹ̀.

"Ẹ jí ire, Bàbá."

"Devlet, ọmọ mi. Jókòó." Ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó fún mi ní ìdajì bí ó ti máa ń ṣe. "Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Ṣé èèyàn lè dìde lójú oorun, kó ṣílẹ̀kùn, kó tì í padà, kó má sì mọ̀ pé òun ṣe é?"

"Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ògiri tó yí wa ká, ọwọ́ Bedir ló tò ó, ó dà bíi pé gbogbo wọn ń fetí sílẹ̀.

Ó ní, "Mo ti rò ó títí. Mo fi ọkàn rìn yí ilé náà ká láti òkè délẹ̀. Kò síbi tí èèyàn lè gbà. Lójú mi ni Bedir ṣe kọ́ ọ, òkúta kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yẹn ò lè kọ́ ilé tó ń tan èèyàn. Bí ilé ò bá parọ́, ta ló kù tó ń parọ́? Èmi náà ni. Ọjọ́ ogbó ti dé sí mi lórí. Lọ́jọ́ kan ṣáájú ìgbà yẹn mo wá fìlà mi káàkiri, orí mi ló wà. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé orí mi ti ń dàrú? Ìwọ lò ń rí mi lójoojúmọ́."

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ jẹun. Ó ń tutù lọ."

Ó jẹun. Èmi náà jẹ ìdajì tó fún mi tán.

Mo sọ fún Bedir gbogbo ohun tí bàbá náà wí. Ó fi ẹ̀wù bo orí, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní lọ́la òun á sọ ọ́. Ọ̀la dé, ó lọ títí dé ẹnu ọ̀nà Seydi, ó bi í bóyá òrùlé ilé rẹ̀ ń jò, ó padà wálé. Mo bú u pé ojo ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ́nu, Ẹ̀gbọ́n." Mo gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá Nasuh lọ́jọ́ náà, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo ní mo fi nǹkan sórí iná, mo sáré sọ̀ kalẹ̀.

Jímọ́ọ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n tẹ́ ẹní fún alùkálì nínú àgbàlá, níwájú mọ́sálásí kékeré. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún aláìsàn lọ. Mukbil ro ẹjọ́ rẹ̀, ó sì ro ó dáadáa. Seydi sọ tirẹ̀. Wọ́n mú Bàbá Nasuh sọ̀ kalẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti rí jákujàku, ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú.

Alùkálì ní, "Ẹjọ́ yìí, orí ilé ló dúró lé. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó kọ́ ọ. Bedir, fọwọ́ lé Àlùkùránì, kí o búra fún wa pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí nǹkan lè gbà jáde níbí."

Wọ́n gbé Àlùkùránì wá. Bedir na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò balẹ̀, kò padà. Ó yíjú wá mi láàárín èrò. Kí ni mo ṣe? Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ọlọ́run rí mi, mo wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tí kò rí ẹsẹ̀ rí.

Bàbá Nasuh ló sọ̀rọ̀. "Alùkálì, ẹ má fi ìbúra yọ ọmọ náà lẹ́nu. Ilé yẹn kò ní àbùkù. Mo ti rò ó, èmi ni. Mi ò rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni. Kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ́wọ́, kí àwọn èèyàn yìí lè máa bá tiwọn lọ."

Mukbil pàápàá la ẹnu sílẹ̀. Ni Bedir bá ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kò ké bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ìyàwó rẹ̀.

"Irọ́ ni! Irọ́ ni, kò ṣe é! Ọ̀nà kan wà níbẹ̀! Èmi ni mo fi sílẹ̀!"

Bàbá Nasuh mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn sí i pé ẹnì kan fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún alùkálì pé, "Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ rere ni. Ó fẹ́ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ torí mi."

"Ẹ tẹ̀lé mi," ni Bedir wí. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ tẹ̀lé mi."

A tẹ̀lé e wọ gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, alùkálì gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè nítorí ìgbẹ́. Bedir lé àwọn ràkúnmí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ibùjẹ, ó ti irin bọ ẹ̀gbẹ́ òkúta. Òkúta náà yọ wẹ́rẹ́, bí eyín ọmọ ọdún méje. Ó yọ òmíràn. Erùpẹ̀ pupa ṣàn sílẹ̀ lé e lórúnkún. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó taari, òkúta ìta ṣubú sí ìta, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá wọlé sínú ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé rí. Ràkúnmí kan sún mọ́ ọn, ó ń gbóòórùn atẹ́gùn.

Ariwo sọ. Seydi ń pariwo pé wọ́n ti ba òun jẹ́. Alùkálì ní kí wọ́n dákẹ́, ó dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀: Bàbá Nasuh kò jẹ̀bi. Bedir yóò fi owó ara rẹ̀ tú ògiri náà, yóò tún un mọ, wọn yóò sì gé orúkọ rẹ̀ kúrò lókè ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Nasuh ni mò ń wò. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ihò náà, atẹ́gùn ìta ń fẹ́ apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

"Nítorí òtútù ọdún náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Bedir wí. Ó ṣì kúnlẹ̀.

"Mo rántí òtútù yẹn. Omi dì nínú agbada. Kò burú, Bedir, èèyàn lè ṣe irú ẹ̀ nínú òtútù yẹn." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ṣùgbọ́n ní Àtàláátà, òtútù kọ́. Àlàárùbá ńkọ́? Àná ńkọ́? O mọ ibi tí mo wà."

Bedir fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ń sunkún.

Bàbá náà bá yíjú sí mi. Mo fẹ́ sá, èrò sì wà lẹ́yìn mi.

"Devlet, nígbà tí o gbé búrẹ́dì wá bá mi, tí a jọ jókòó, ṣé o ti mọ̀?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti dé eyín. Mo gbé e mì.

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi, kó ṣẹ́ èpè fún mi, kó tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

"Mo bi ọ́ bóyá orí mi ti ń dàrú," ló wí. "O ní kí n jẹun."